Ìwé Tó Mọ Ìyẹ́ Ẹyẹ Ju Àdúgbò Rẹ̀ Lọ

Ibi tí nǹkan méjì bá ti jọra ni a ti ń mọ ìwé ìdámọ̀ ẹyẹ tó yanrantí. Kò sẹ́ni tó nílò ìwé kó tó mọ lékeléke yàtọ̀ sí igún. Ọmọ tó bá ti rí agbo màlúù lójú ọ̀nà Mọ́níyà rí ti mọ èyí. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹyẹ méjì bá jẹ́ ọmọ ìyá, tí àwọn méjèèjì dúdú, tí wọ́n pọ́n lórí, tí wọ́n pọ́n láyà, tí wọ́n sì ń gbé ṣóńṣó igi débi pé ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán ẹni tó ń wò wọ́n. Irú ẹyẹ méjì bẹ́ẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ orúkọ ìlú yìí káàkiri àgbáyé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn, láti Dùgbẹ̀ títí dé Challenge, kò gbọ́ ọ rí pé ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ Ibadan Malimbe.

Ìwé tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni Birds of Western Africa, iṣẹ́ Nik Borrow àti Ron Demey. Christopher Helm ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2001, ìwé gbàǹgbà tó lé ní 800 ojú ewé. Ní 2004, wọ́n gé e kúrú di èyí tí èèyàn lè gbé wọ igbó, wọ́n sì tún ẹ̀dà kékeré yìí ṣe ní 2014. Borrow fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán inú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè 23 ni wọ́n kó pọ̀ sójú kan, láti Mauritania dé Kóńgò, títí kan àwọn erékùṣù inú òkun, ẹyẹ inú rẹ̀ sì lé ní 1,200. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣe lámèyítọ́ gbogbo wọn tán nínú àròkọ kan, ẹ má dá a lóhùn. Ẹyẹ méjì péré ni mo fi dán an wò: ti Ìbàdàn, àti èkejì rẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Red-vented Malimbe, tí èmi á máa pè ní onídìí-pupa nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí mo rí ni pé ìwé náà mọ ìyẹ́ ẹyẹ dáadáa, ó sì mọ̀ ọ́n ju bí ó ṣe mọ ibi tí ẹyẹ ń gbé lọ. Àlejò tó bá wọ̀lú fún ọ̀sẹ̀ méjì á jẹ àǹfààní rẹ̀ yó. Ará Bódìjà tó fẹ́ mọ ẹyẹ àdúgbò rẹ̀ á jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní yó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn ẹyẹ náà. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà ni wọ́n. Ẹ̀gà ìgboro, èyí tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ àti lórí wáyà iná ní Àgbowó, tó ń ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ títí tí ọ̀pẹ náà á fi rí ṣákálá, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ ìyeyè ló pọ̀ lára rẹ̀, orí akọ dúdú, ó sì fẹ́ràn ibi tí èrò bá wà. Malimbe kò rí bẹ́ẹ̀. Dúdú ni, pẹ̀lú pupa lára. Inú igbó tàbí etí igbó ni í gbé. Ní méjì-méjì tàbí ní mélòó kan ló ń rìn, ó sì sábà máa ń da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀wọ́ àwọn ẹyẹ mìíràn tó ń wá kòkòrò lábẹ́ ewé àti lára èèpo igi. Òun náà ń hun ilé bí ẹ̀gà, ilé tó rọ̀, tí ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ gùn wá sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń retí ariwo ẹ̀gà kó tó mọ̀ pé malimbe wà nítòsí á pẹ́ nídìí igi.

Akọ ti Ìbàdàn: pupa bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, ó gba ìpàkọ́, ó yí ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ó sì tú sí àyà. Agbègbè ojú dúdú. Ìyókù ara, láti ẹ̀yìn dé ìrù, láti ikùn dé abẹ́ ìrù, dúdú. Akọ onídìí-pupa: pupa àtàrí, pupa ìpàkọ́, pupa àyà, ojú dúdú, ẹ̀yìn dúdú. Gbogbo rẹ̀ rí bákan náà títí tí ẹ ó fi dé abẹ́ ìrù. Níbẹ̀, níbi tí ìyẹ́ kéékèèké bo ìdí ìrù láti ìsàlẹ̀, ti onídìí-pupa pọ́n, ti Ìbàdàn dúdú. Ohun tó ya àwọn akọ méjèèjì sọ́tọ̀ lójú ẹni tó dúró nísàlẹ̀ nìyẹn, àmì kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí ẹyẹ náà bá kọ ẹ̀yìn sí yín, tàbí tí ewé kan bá bo ìdí rẹ̀, ẹ kò tíì rí nǹkan kan.

Ti abo tún yàtọ̀. Orí abo onídìí-pupa dúdú pátá. Àyà àti abẹ́ ìrù nìkan ni pupa kù sí lára rẹ̀. Abo ti Ìbàdàn ní tirẹ̀, pupa orí wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n pupa àyà dín kù sí ọ̀já tín-ín-rín. Nítorí náà, bí akọ bá fi ìdí pamọ́, orí ìyàwó rẹ̀ lè jẹ́rìí. Ẹ óò rí i láìpẹ́ pé ọ̀rọ̀ abo yìí ni mo bá ìwé náà fà jù.

Kí n tó fà á, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àtẹ̀jáde 2001 ní ìsọ̀rí kan lábẹ́ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ àwọn ẹyẹ tó jọ ọ́ àti ohun tó yà wọ́n. Ìsọ̀rí yìí ni ẹ̀mí ìwé náà. Àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ̀wé lé lórí, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe mọ ibi tí ojú òǹwòran á ti ṣì í. Wọn kì í kó àwọ̀ gbogbo ara ẹyẹ jọ bí ẹni ń ka ẹrù. Wọ́n á mú èyí tó ṣe pàtàkì, wọ́n á gbé e síwájú. Lórí malimbe, wọ́n tọ́ka sí abẹ́ ìrù bó ti yẹ. Olórí-pupa, Red-headed Malimbe, ẹ̀kẹta tó máa ń da nǹkan rú, kò nira fún wọn láti yọ sọ́tọ̀: àtàrí àti ìpàkọ́ nìkan ló pọ́n lára tirẹ̀, ọ̀fun àti àyà dúdú, abo rẹ̀ sì ní iwájú orí dúdú. Ẹni tó bá rí àyà pupa ti bọ́ lọ́wọ́ olórí-pupa nìyẹn.

Ká tó mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe tó, ó yẹ ká rántí ohun tó wà ṣáájú rẹ̀. David Bannerman kọ The Birds of Tropical West Africa ní ìdìpọ̀ mẹ́jọ. Ìdìpọ̀ kìíní jáde ní 1930, ìkẹjọ ní 1951. Ọdún 1951 yìí kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí malimbe ti Ìbàdàn! Ọkùnrin náà fi ogún ọdún ó lé ka gbogbo ẹyẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọdún tó ti ìwé náà pa ni ọ̀kan tí kò sí nínú rẹ̀ yọjú. J. H. Elgood, tó ń kọ́ni nípa ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ló wá ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ayé nínú jọ́nà Ibis ní 1958, òun ló sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Lẹ́yìn Bannerman, ìwé tí ó ṣeé gbé lọ́wọ́ ni ti William Serle àti Gérard Morel, tí Collins tẹ̀ jáde ní 1977. Ẹni tó bá ti lo ìwé yẹn mọ bó ṣe ń bí èèyàn nínú: ẹyẹ á ní àpèjúwe, kò ní ní àwòrán, ẹ ó máa fi ọkàn ya á fúnra yín. Borrow ya gbogbo wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà ya odindi ẹkùn kan, èyí sì ní àǹfààní tí kì í tètè hàn: bí pupa àyà ẹyẹ méjì bá yàtọ̀ nínú ìwé náà, ìyàtọ̀ náà wá láti ara ẹyẹ, kì í ṣe láti ọwọ́ ayàwòrán méjì.

Ibi tí àwòrán náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹ̀gbẹ́ ni ẹyẹ fi ń kọ ojú sí òǹkàwé, nínú ìmọ́lẹ̀ tó mọ́, láìsí ewé. Gbogbo ìwé ìdámọ̀ ẹyẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò lè dá ẹ̀bi rẹ̀ fún Borrow nìkan. Ṣùgbọ́n malimbe kì í ṣe ẹyẹ tí a ń rí ní ẹ̀gbẹ́. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń wò ó, ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ á sì di òjìji. Nínú ipò bẹ́ẹ̀, pupa abẹ́ ìrù á dà bíi dúdú títí tí ẹyẹ náà á fi yí padà tí oòrùn á sì bà á. Àwòrán kékeré kan tó fi ìdí àwọn méjèèjì hàn láti ìsàlẹ̀, bí ó ti wù kó mọ, ì bá wúlò fún wa ju àwòrán ńlá méjì lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí tún ní apá mìíràn tí àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní lérò. Owó pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń ta ìwé náà, kò sì sí bí owó ọmọ iléèwé á ṣe ká a. Nítorí náà Àgbowó ló ń lọ. Lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ti ń dún láti àárọ̀ tí jẹnẹrétọ̀ sì ń gbè é lẹ́sẹ̀, ni wọ́n ti ń da ojú ewé ẹ̀gà àti malimbe kọ ní dúdú-òun-funfun. (Pé kò bófin mu, a mọ̀, ọ̀rọ̀ tí a ń sọ kọ́ nìyẹn.) Pupa tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá gbà, dúdú ló ń tú jáde. Malimbe ti Ìbàdàn, onídìí-pupa, olórí-pupa, gbogbo wọn di ẹyẹ dúdú kan náà lórí bébà. Nínú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kan tí mo rí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó ti fi bírò pupa kun àtàrí àti àyà àwọn akọ náà padà, ó ṣe é pẹ̀lú sùúrù, kò kọjá ilà. Abẹ́ ìrù ló gbàgbé.

Mo fẹ́ràn ẹ̀dà yẹn nítorí pé ó dán ọ̀rọ̀ inú ìwé wò láìsí àwòrán. Bí àwọ̀ bá ti lọ, kí ni ọ̀rọ̀ lè ṣe? Fún akọ, ọ̀rọ̀ Borrow àti Demey dúró fúnra rẹ̀: ẹni tó bá kà á á mọ ibi tí pupa wà àti ibi tí kò sí. Fún abo, kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀jáde 2014 gbé ọ̀rọ̀ àti máàpù kojú àwòrán, ìrọ̀rùn ńlá ni fún ẹni tó dúró nínú igbó pẹ̀lú báínọ́kúlà lọ́wọ́ kan. Ṣùgbọ́n àyè tó kù fún ẹyẹ kọ̀ọ̀kan kò ju ìlà mélòó kan lọ, akọ ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹyẹ yìí ń rìn ní tọkọtaya. Bí ẹ bá rí abo tí orí rẹ̀ dúdú pátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí: onídìí-pupa ni. Ó yẹ kí irú ìmọ̀ràn yìí wà ní iwájú, ní ìlà kìíní, nítorí òun ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àmì tí gbogbo ayé mọ̀ bá kọ̀ tí kò hàn. Èmi rò pé àṣà àwọn ìwé ìdámọ̀ ẹyẹ lápapọ̀ ló fà á, wọ́n gbà pé akọ ni ẹyẹ, abo ni àfikún.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí máàpù. Malimbe onídìí-pupa gba ilẹ̀ lọ láti Sierra Leone dé Kamẹrúùnù. Ti Ìbàdàn kò sí níbì kankan láyé àfi ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà: Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìperu, Ìlaròó, igbó ọba Onígàm̀bàrí àti àyíká wọn. Lórí máàpù ìwé náà, ti onídìí-pupa jẹ́ ọ̀já gígùn lẹ́bàá òkun, ti Ìbàdàn jẹ́ àmì kékeré kan. Máàpù yìí wúlò gan-an fún ẹni tó wà ní Kàlàbá tàbí Àkrà: ó sọ fún un pé kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, onídìí-pupa ló rí. Ó wúlò fún gbogbo èèyàn àyàfi ará Ìbàdàn. Níbí, àwọn méjèèjì wà. Ibi kan ṣoṣo tí àmì kékeré yẹn ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni ni kò ti lè ràn án lọ́wọ́.

Bí máàpù kò bá sì ran èèyàn lọ́wọ́, àpèjúwe ibùgbé ló yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí ni ìwé orílẹ̀-èdè 23 ti fi àìlera rẹ̀ hàn. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa igbó láti Guinea dé Gabon kò lè sọ ju pé ẹyẹ náà ń gbé igbó tí wọ́n ti gé lára rẹ̀, etí igbó, oko tí igi ṣì wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn òde òní, kí ni igbó? Bódìjà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ sílé gbígbé ní nǹkan bí ìgbà tí Elgood ń kọ àpèjúwe rẹ̀ ṣì ní igi máńgòrò àti igi ńláńlá nínú ọgbà àwọn ilé àtijọ́, àmọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ń rọ́pò ọgbà. Ring Road di ṣọ́ọ̀bù láti òpin dé òpin. Ẹyẹ tí wọ́n sọ pé ó pọ̀ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, nígbà tó fi máa di àwọn ọdún tó kẹ́yìn nínú 1960 sí 1969, ó ti di ọ̀wọ́n. Àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu àparun.

Ibi tó ti ṣeé rí jù lónìí kò jìnnà. Ẹ gba Àgbowó, ẹ kọjá Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ máa bá ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ, ẹ ó kan IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà, nǹkan bí 350 nínú rẹ̀ sì jẹ́ igbó. Igbó náà kì í ṣe igbó àtayébáyé. Oko ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ṣọ́ ọ, ó sì hù padà. Níta ògiri, ilé àti oko gbà á yí ká. Àwọn àlejò láti Yúróòpù ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí ibẹ̀ nítorí malimbe yìí nìkan, ìwé Borrow àti Demey á sì wà nínú báàgì wọn. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn pé awakọ̀ Máíkírà tó ń kọjá lẹ́nu géètì náà lójoojúmọ́ kò mọ ohun tí wọ́n wá wò.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí èrò inú rẹ̀ hàn nínú àtẹ̀jáde 2014 ju bí mo ṣe rí i lọ. Shiiwua Manu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo igbó púpọ̀ káàkiri ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àwọn kéékèèké àti àwọn ńláńlá, láti mọ ohun tí gígé igbó sí kélekèle ń ṣe sí malimbe ti Ìbàdàn àti sí àwọn malimbe yòókù. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2005 nínú jọ́nà Bird Conservation International. Bí igbó bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí ẹyẹ náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdámọ̀ ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá rí ẹyẹ dúdú aláyà pupa nínú igbó kékeré tí kò ju ọgbà iléèwé kan lọ, ó yẹ kó ṣiyèméjì kó tó kọ orúkọ ti Ìbàdàn sílẹ̀. Ẹyẹ ọ̀wọ́n ló ń wu gbogbo èèyàn láti rí, ojú tó bá sì ń wá nǹkan ló ń rí i níbi tí kò sí.

Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ṣì í rí nìkan. Àwọn ẹgbẹ́ olùwo-ẹyẹ ní Nàìjíríà ń ṣe iṣẹ́ ńlá kan báyìí, wọ́n ń fi fóònù kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sílẹ̀ ní ìwọ̀n ilẹ̀ kan sí òmíràn, kí orílẹ̀-èdè yìí lè ní máàpù ẹyẹ tirẹ̀. Ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ní Jọ́s, níbi tí Manu fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, wà nídìí rẹ̀. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, ìwé tí wọ́n sì ń tọ́ka sí ni èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìwé náà bá fi wọ́n sílẹ̀ lórí abo malimbe, àmì tí kò yẹ á bọ́ sórí máàpù, yíyọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà kì í sì í rọrùn.

Ohùn ńkọ́? Níbí mi ò lè bá wọn jà. Malimbe kì í kọrin bí ìbákà. Ohùn rẹ̀ ń fín, ó ń fọ́n, á dà bí ẹni pé nǹkan há sí i lọ́fun, ti àwọn méjèèjì yìí sì sún mọ́ra. Kò sí lẹ́tà tó lè gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ sórí bébà. Borrow àti Demey gbìyànjú bí àwọn tó ṣáájú wọn ti gbìyànjú, wọ́n fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ohùn náà sì jáde bí ẹyẹ tó kọ́ èdè níléèwé. Ní ti èyí, fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwé. Ẹni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì á lọ gbọ́ ohùn wọn lórí ìkànnì xeno-canto.

Ìwé kan wà tí mo fẹ́ fi wé èyí kí n tó ṣíwọ́, kì í ṣe nítorí pé ó dára jù ú lọ. The Birds of Nigeria ni, ìwé orúkọ ẹyẹ tí ẹgbẹ́ British Ornithologists' Union tẹ̀ jáde. Elgood ló darí rẹ̀, àtẹ̀jáde kejì rẹ̀ tí òun àti àwọn márùn-ún mìíràn kọ jáde ní 1994. Ìwé gbígbẹ ni. Kò sí àwòrán ẹyẹ tí ẹ lè fi mọ malimbe nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá ti mọ ẹyẹ náà tẹ́lẹ̀ kò ní rí nǹkan mú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú wà níbẹ̀, oṣù wà níbẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ sì ti gbé ní Nàìjíríà pẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹyẹ kan wà ní ibì kan ní oṣù yìí tí kò sí níbẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e. Elgood mọ malimbe rẹ̀ nílé. Borrow àti Demey mọ̀ ọ́n láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Fífi ìwé méjèèjì sórí tábìlì kan náà ni mo fi rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní: ìwé 1994 kò lè sọ fún mi pé ẹyẹ wo ni mò ń wò, ìwé 2001 àti ti 2014 kò lè sọ fún mi bóyá ó yẹ kí ẹyẹ náà wà ní ibi tí mo dúró sí. Ó dùn mí pé kò tíì sí ẹni tó so wọ́n pọ̀ fún Ìbàdàn nìkan, ìwé pẹlẹbẹ kan, kódà kó má ju ẹyẹ ọgọ́rùn-ún lọ. Elgood gbìyànjú irú rẹ̀ ní 1960 pẹ̀lú Birds of the West African Town and Garden tí Longmans tẹ̀. Ìgboro tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà sì ní igi ju ti òní lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á ńkọ́? Àtẹ̀jáde 2014 ni kó gbé wọ igbó, nítorí pé máàpù, àwòrán àti ọ̀rọ̀ wà lójú kan. Kí ó má sì ta ti 2001 bí ó bá ti ní in. Àlàyé rẹ̀ gùn ju ti 2014 lọ, ìsọ̀rí àwọn ẹyẹ tó jọra wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ abo sì rí àyè díẹ̀ sí i. Kí ó fi pẹ́ńsù kọ ohun mẹ́ta sí etí ojú ewé malimbe: abẹ́ ìrù akọ, orí abo, àti bí igbó tó dúró sí ṣe tóbi tó. Bí ó bá jẹ́ ọmọ malimbe tí kò tíì dàgbà ló rí, tí pupa rẹ̀ kò tíì dán, tí kò sì sí àgbà kankan nítòsí, kí ó kọ «malimbe» lásán sílẹ̀, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ.